Dókítà Ló Yẹ Kó Gun Mọ́tò Wá sí Ore

Ìyá tó ń tọ́ ọmọ oníwárápá ní abà kan lẹ́yìn Aráròmí-Obu mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá bí ẹní mowó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ọmọ láàárín òun àti ọlọ́kadà. Ó dé ojú márosẹ̀, ó wọ mọ́tò dé Ore. Ní Ore, ó tún wọ òmíràn tó ń lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Bó bá débẹ̀, yóò gba káàdì, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ọ̀pọ̀ èrò, yóò sì máa fi ojú ṣọ́ ọmọ rẹ̀ kí wárápá má lọ gbé e ṣánlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pè é, dókítà á béèrè iye ìgbà tí wárápá gbé ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, á béèrè bóyá ó ń lo oògùn déédéé, á yẹ ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, á sì kọ oògùn kan náà fún un. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó di kí wọ́n máa wá mọ́tò tí yóò gbé wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ lè ju owó oògùn lọ. Iṣẹ́ oko ọjọ́ náà ti wọgbó. Lóṣù kejì, bí owó kò bá sí lọ́wọ́, ìyá náà á ní kí àwọn fi èyí tó kù nínú ike ṣe é mọ́ra. Á dín hóró méjì tí ọmọ ń lò lójúmọ́ kù sí ẹyọ kan. Lóṣù kẹta, kò lọ mọ́. Ilé ìwòsàn á kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn kò yọjú. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó kọ ìtọ́jú. Ìtọ́jú ló jìnnà sí i ju bí agbára rẹ̀ ṣe mọ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Dókítà ọpọlọ àti iṣan kan tó bá wọ mọ́tò wá sí Ore lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè gba ogójì ìdílé lọ́wọ́ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Kò bójú mu kí ogójì aláìsàn máa wá ẹnì kan lọ nígbà tí ẹnì kan lè wá bá ogójì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED àti ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo lágbára àtiṣe é, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kọ́ ilé tuntun.

Ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ó ṣòro láti rí ibi tó yẹ irú ètò yìí ju Ore lọ. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, níbi tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 230,351, ọ̀pọ̀ ọdún sì ti gorí iye yẹn. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó já síbẹ̀, ti Òkìtìpupa náà já síbẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí oríta: ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, agbègbè náà ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó dorí kọ Èkó dúró, ìjà tó bí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ṣì ń sọ títí dòní, "Ó le kú, ìjà Ore." Lónìí, èrò tó ń lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn máa ń sọ̀ níbẹ̀ jẹun, ìjọba Rotimi Akeredolu, gómìnà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, sì kọ́ afárá sí oríta náà kí mọ́tò lè máa kọjá láìsí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ilé ìwòsàn ìjọba, General Hospital, wà nínú ìlú. Àgbẹ̀ kókó, ẹni tó ń ṣe epo, alágbàṣe inú sáwúmìlì, oníṣòwò gàrí, gbogbo wọn ló ní ìdí kan tó ń gbé wọn wá sí Ore láàárín oṣù. Ohun tó kù ni kí wọ́n lè rí dókítà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé.

Àìsàn tó wà lábẹ́ irú dókítà yìí pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Wárápá wà níbẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù tó sì yè é wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó fà á kò tíì kúrò lára rẹ̀, ó sì lè tún padà wá. Bàbá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí àwọn ọmọ ń sọ pé ọjọ́ ogbó ni, lè jẹ́ àrùn Parkinson ló ń bá jà, oògùn sì wà tí yóò jẹ́ kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á bí ẹni tẹ ẹyin iná lóru, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin tí túúlu ń dá dùbúlẹ̀ lójú ọjọ́ ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́kadà tó forí gbálẹ̀ ní márosẹ̀, tí gbogbo ayé ní ara rẹ̀ ti yá nítorí pé egbò ti jinná, ṣùgbọ́n tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin tó jáde nílé lọ́jọ́ náà kọ́ ló padà wálé: ó ń bínú sódì, kò rántí ohun tó jẹ lánàá. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Neurology gbé jáde ní 2024 fi hàn pé ní 2021, bílíọ̀nù 3.4 ènìyàn ló ní àìsàn kan tàbí òmíràn tó jẹ mọ́ ọpọlọ àti iṣan káàkiri ayé, ìyẹn 43 nínú gbogbo 100. Odigbo kò sí lẹ́yìn ayé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò nílò bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n nílò ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà rí wọn, kó gbọ́ tẹnu wọn, kó fi oògùn tó yẹ lé wọn lọ́wọ́, kó sì tún rí wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ibi tí wọ́n ti ń rí aláìsàn kó tó padà sílé lọ́jọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ti ń là tàbí ti ń bọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin kan ń jẹun alẹ́, òkèlè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ẹnu rẹ̀ yà sápá kan. Kí ará ilé tó pariwo tán, ó ti padà bọ̀ sípò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n wọlé sùn. Àwọn dókítà mọ̀ pé irú nǹkan báyìí, bó tilẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló ń kanlẹ̀kùn, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì léwu jù. Ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Rothwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan kan wò. Tẹ́lẹ̀, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá, wọ́n á dá ọjọ́ fún un, wọ́n á sì kọ lẹ́tà sí dókítà àdúgbò rẹ̀ pé kó fún un ní oògùn. Wọ́n yí i padà: kí aláìsàn wá lọ́jọ́ náà gan-an láìdá ọjọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn kó tó kúrò níbẹ̀. Kò sí oògùn tuntun nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Èsì tí wọ́n gbé jáde nínú Lancet ní 2007 ni pé iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ tún kọ lù láàárín 90 ọjọ́ já wálẹ̀ láti 10.3 nínú 100 sí 2.1. Ìyára nìkan ló ṣe iṣẹ́ yẹn, ìyára kò sì sí níbi tí dókítà bá jìnnà.

Ti wárápá tilẹ̀ le jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní in láyé, pé nínú wọn, ó tó 80 nínú 100 tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, àti pé 70 nínú 100 ni kò ní rí wárápá mọ́ bí wọ́n bá mọ ohun tó ń ṣe wọ́n tí wọ́n sì ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò rí ìtọ́jú tó yẹ gbà.

Ní Odigbo, àìrí ìtọ́jú yìí ní bó ṣe ń fojú hàn. Ẹni tí wárápá ń gbé kò yẹ kó dúró nídìí ayùn sáwúmìlì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kò yẹ kó gun ọ̀pẹ. Obìnrin tó ń dín gàrí lójú agbada lè ṣubú sínú iná, àpá iná lára ọ̀pọ̀ oníwárápá nílẹ̀ wa sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè. Àwọn èèyàn á sá sẹ́yìn pé itọ́ rẹ̀ ń ranni. Kì í ranni. Wọ́n á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín á kán. Fún ọmọdé tí gìrì mú, àwọn kan ṣì ń po àgbo ìtọ̀ màálù mọ́ ewé tábà, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ pé àgbo yẹn ń pa ọmọ. Kò tọ́ kí á máa bá ìyá tó po àgbo náà wí ṣáá. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló lò. Ilé aládùúrà wà ní ìtòsí, ilé babaláwo wà ní ìtòsí. Dókítà tó mọ wárápá wà ní òpin ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan.

Ẹni tó bá rò pé kí dókítà ńlá wá sí ìlú kékeré jẹ́ àṣà tuntun kò mọ bí ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1935, lọ kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sí Ìbàdàn ní àárín ọdún 1960 sí 1970. Ó lè jókòó sí UCH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Ìbàdàn, kí aláìsàn máa wá bá a. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn èèyàn lọ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti ń kú tipiri, tí wọn kò lè dúró dáadáa bí wọ́n bá di ojú, tí ojú àti etí àwọn mìíràn ń kú lọ. Ó wo oúnjẹ wọn, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì so àìsàn náà mọ́ májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa tí wọ́n sì ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran àti ẹja tó tó. Ní 1968, iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn Brain, gbogbo ayé sì kà á. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn dókítà láti Ìbàdàn tún lọ sí Òṣóṣà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì rí i pé àìsàn náà ṣì wà lára ènìyàn mẹ́fà nínú gbogbo 100 tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo náà jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti gàrí. Ta ló ti lọ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn àgbà ibẹ̀?

Ní Igbó-Ọrà, Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tó tún ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n bi àwọn ará ilé ní ìbéèrè tó rọrùn, kí wọ́n ní kí wọ́n rìn, kí wọ́n nawọ́, kí wọ́n gbé nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá fura sí ni dókítà wá ń yẹ̀ wò dáadáa. Nǹkan bíi 19,000 ènìyàn ni wọ́n fi ọ̀nà yìí yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde ní 1987, wọ́n rí wárápá lára ènìyàn márùn-ún ó lé díẹ̀, 5.3, nínú gbogbo 1,000. Ẹ gbé ìwọ̀n yẹn lé orí iye tí wọ́n kà ní Odigbo ní 2006, yóò lé ní 1,200 ènìyàn. Ìṣirò lásán ni, kò sí ẹni tó lọ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì iye yẹn ló wà níbẹ̀, mélòó nínú wọn ló ń rí dókítà?

Àwọn dókítà náà kò pọ̀, òótọ́ ni. Ìwé tí WHO tẹ̀ jáde ní 2017 lórí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tó méje fún gbogbo 100,000 ènìyàn. Ní àwọn tó tálákà jù, wọn kò tó ẹyọ kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹyọ kan ni. Nàìjíríà ń kọ́ wọn ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, wọ́n sì ń jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń dúró kí dókítà kan wá fi Ore ṣe ibùgbé lè dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà. Àìpọ̀ wọn gan-an ló fi yẹ kí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn bá fi sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Iṣẹ́ yìí sì ṣeé gbé rìn. Oníṣẹ́ abẹ nílò tíátà, oníṣẹ́ eyín nílò àga àti ẹ̀rọ. Òòlù rọ́bà kékeré tí dókítà fi ń lu orúnkún, tọ́ọ̀ṣì tó fi ń wo inú ẹyinjú, abẹ́rẹ́ olórí kan, òwú díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, gbogbo rẹ̀ wọ inú báàgì kan. Yóò ní kí aláìsàn rẹ́rìn-ín, kó na ọwọ́ méjèèjì, kó fi ìka kan imú, kó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí bébà. Bí lẹ́tà tó ń kọ bá ń kéré sí i bó ṣe ń lọ, dókítà ti rí nǹkan kan. Ìtàn tí ará ilé bá sọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mímọ wárápá. Nísinsìnyí tí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, bí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá ya fídíò ìṣẹ́jú kan nígbà tí wárápá ń gbé e, ó lè wúlò fún dókítà ju ìwé mẹ́wàá lọ. Síkáànù àti ẹ̀rọ EEG tí ń ka iná inú ọpọlọ ní ibi tiwọn, àwọn tó bá nílò wọn yóò lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, wọn yóò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ.

Nítorí náà, kí ni ètò yìí yóò jẹ́? Ọjọ́ kan lóṣù, ọjọ́ tí kì í yẹ̀, kó jẹ́ ọjọ́ tí èrò oko ń wá sí ọjà Ore. Dókítà ọpọlọ àti iṣan láti UNIMED, pẹ̀lú àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ní General Hospital Ore. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ti Ore, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ní ìwé orúkọ, láti pe ẹni tí kò wá lórí fóònù kó mọ ohun tó dá a dúró, láti fi iye ìgbà tí wárápá gbé kálukú ránṣẹ́ sí dókítà láàárín oṣù. Ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Odigbo, Ajue, Oníparaga, Aráròmí-Obu, kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dá wárápá mọ̀, bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní oògùn nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá tán, àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn ni ọkàn ètò náà. Bí dókítà bá yí padà tí nọ́ọ̀sì kò yí padà, ètò náà yóò dúró. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì, dókítà yóò kàn máa wá gbafẹ́fẹ́ ni.

Kò sí èyí tó jẹ́ àlá nínú rẹ̀. WHO bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún wárápá ní Gánà, Mòsáńbíìkì, Myanmar àti Vietnam, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko níṣẹ́, àjọ náà sì sọ pé ó mú ìtọ́jú dé ìtòsí mílíọ̀nù 6.5 ènìyàn sí i. Ní Kánò, Kàdúná àti Zaria nílé níbí, àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè láti máa tọ́jú àwọn ọmọ oníwárápá ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ní 2009, ìjọba Gómìnà Olusegun Mimiko bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ: wọ́n fún aláboyún ní fóònù, wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa tọ̀ ọ́ wá sílé, wọ́n sì ṣètò bí yóò ṣe dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó di 2014, wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un, kí àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lè máa mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn dípò kí wọ́n dì í mú sọ́dọ̀. Ayé gbọ́ nípa Abíyè. Ọgbọ́n kan náà ni oníwárápá ń fẹ́: fóònù, ẹnì kan tó mọ orúkọ rẹ̀, àti kí wọ́n bá aládùúrà àti babaláwo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń kọ́kọ́ dúró.

Oògùn ni ibi tó le jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ó. Ní oṣù Kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ apoògùn GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi, tó ń ṣe Epilim tí ọ̀pọ̀ oníwárápá mọ̀, kéde pé òun náà yóò gbé títa oògùn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó ń ra oògùn mọ ohun tí owó rẹ̀ ti dà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n phenobarbital, oògùn tó ti pẹ́ tó sì ṣì ń ṣiṣẹ́, lè má ju dọ́là márùn-ún lọ fún ẹnì kan lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí WHO ṣe sọ. Ìjọba ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in nítorí pé wọ́n lè ṣì í lò, nítorí náà kò rọrùn fún kẹ́mísítì kékeré láti ní in. Ilé ìwòsàn ìjọba ló lè ní in, kó sì jẹ́ kó máa wà nígbà gbogbo. Nǹkan mìíràn tún wà tí ìtòsí dókítà nìkan lè yanjú. Sodium valproate, èyí tó wà nínú Epilim, lè ba ọmọ inú jẹ́, WHO sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má máa fún obìnrin tó lè lóyún. Ọmọbìnrin tí wọ́n kọ ọ́ fún nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí bàbá rẹ̀ ń rà á ní kẹ́mísítì láti ìgbà náà láì tún rí dókítà, ti lè di ọmọ ogún ọdún báyìí kó sì ti relé ọkọ. Ta ni yóò sọ fún un?

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà kò dára, àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà Ore sí Oǹdó, dókítà kò ní gbà láti wá. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ìyá àti ọmọ rẹ̀ ń gbà, láìsí ọlọ́pàá, láìsí mọ́tò ìjọba. Bí ọ̀nà bá léwu fún dókítà, ó léwu fún ogójì aláìsàn. Mọ́tò ìjọba kan pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lẹ́yìn rẹ̀ ló rọrùn láti dáàbò bò. Lóṣù tí kò bá ṣeé ṣe rárá, kí dókítà rí wọn lórí fídíò, kí nọ́ọ̀sì Ore sì jókòó tì wọ́n.

Owó náà wà níbi tí a ti lè fà á. Òfin Ìlera ti 2014 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Kí àjọ náà kọ oògùn wárápá àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ohun tí ó ń sanwó rẹ̀, láìsí àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Alága ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kò ní lè sọ mọ́ pé àwọn tó wà lókè ló mú owó náà dání. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kan, epo mọ́tò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà, oògùn tí kì í tán: èyí kéré sí owó tí wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ ṣíṣí ilé kan.

Kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Odigbo béèrè fún ètò yìí nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Kí àwọn alága ẹgbẹ́ oníkòkó, ẹgbẹ́ onígẹdú àti ìyálọ́jà Ore sọ ọ́ létí wọn, nítorí ọmọ wọn ni ọ̀rọ̀ kàn. Kí àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ dá ọjọ́ náà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnubodè General Hospital, kí rédíò Orange FM àti Adaba FM sì máa kéde rẹ̀ kí ó tó pé. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní oníwárápá nílé báyìí: ẹ má dín oògùn kù láìbéèrè, ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ ya fídíò bí ẹ bá lè yà á. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì bi wọ́n níbẹ̀ ìgbà tí dókítà ọpọlọ àti iṣan yóò wá. Ẹ máa béèrè títí wọn yóò fi dá yín lóhùn.